Òórùn Ilé-Ifẹ̀ nínú ìgò: kí ni kí n pò pọ̀, kí ló sì ń ba ọjà jẹ́?

Àdùkẹ́ Lágéré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àbẹ́là olóòórùn dídùn, diffuser onígi (ìgò epo olóòórùn tí igi ń fa òórùn rẹ̀ jáde) àti lọ́fínńdà tí a ń fín sílé ni mo ń ṣe tà ní Lágéré níbí. Mo fẹ́ ṣe ọ̀kan tí yóò jẹ́ Ilé-Ifẹ̀ délẹ̀délẹ̀, tí ọmọ Ifẹ̀ bá tàn án ní Èkó, kí imú rẹ̀ ti mọ ilé kí ojú tó ka orúkọ tó wà lára ìgò. N kò fẹ́ fanílà tí wọ́n kàn lẹ àwòrán Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn mọ́ níwájú.

Ohun tó wà lórí ìwé mi rèé: ilẹ̀ pupa lẹ́yìn òjò, kòkó, epo pupa, efinrin, koríko ọba, obì, ataare, èéfín igi ìdáná, túràrí Sábó, osùn.

Ṣé gbogbo wọn lè bára gbé? Báwo ni wọ́n ṣe ń rí òórùn ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu òjò mú? Ṣé mo lè sá efinrin àti koríko ọba kí n rẹ wọ́n sínú ìda? Àbùkù mẹ́ta tún wà tó ń yọ ọjà lẹ́nu: àbẹ́là sóyà (èyí tí a fi ìda ẹ̀wà sóyà ṣe) ń làágùn lọ́sàn-án, diffuser ń dákẹ́ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, èyí tí a ń fín sì ń ṣú bí omi ògì.

Ẹ jọ̀ọ́, gíráàmù ni kí ẹ bá mi sọ. "Díẹ̀" àti "ìwọ̀nba" kò ràn mí lọ́wọ́.

---

Alápò Òórùn

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú làálàá. Ìwé yín ti pọ̀ jù. Imú ènìyàn kì í sábà lè ya ju nǹkan mẹ́ta sí mẹ́rin lọ sọ́tọ̀ nínú àdàlù kan. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di lọ́fínńdà lásán, kò sì sẹ́ni tó máa rántí Ifẹ̀ kankan.

Ẹ mú wákàtí kan àti ibì kan. Sábó lálẹ́ ní òórùn tirẹ̀: súyà, túràrí, èéfín ọ̀kadà. Ọ̀nà Yunifásítì láàárọ̀ ọyẹ́ ní tirẹ̀: koríko gbígbẹ, eruku tútù, igbó tí wọ́n ń sun níbi jíjìn. Àwọn wọ̀nyí kò lè gbé inú ìgò kan náà láìjà. Èmi á mú àkọ́rọ̀ òjò ní Ẹnuwá, níwájú ààfin Ọọ̀ni, nǹkan bí oṣù Kẹta sí Kẹrin, nígbà tí oòrùn ti mú títì gbóná, tí páànù ń ta ooru, tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ sì bọ́ sórí ilẹ̀ pupa. Kò sẹ́ni tó gbé Ifẹ̀ rí tí kò mọ̀ ọ́n, kì í sì í ṣe oúnjẹ. Mo tẹnu mọ́ èyí o. Epo pupa tó ń yọ lójú iná dùn ní ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sí pálọ̀ àlejò, ó dà bíi pé wọn kò ṣí fèrèsé láti àná.

Nínú ìwé yín, ẹ pa mẹ́ta rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Obì ò ní òórùn tó lè kún yàrá, ahọ́n ni kíkorò rẹ̀ wà. Osùn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rùn rárá, kì í sì í yọ́ nínú ìda, ìsàlẹ̀ ni yóò rì sí, èyí tó bá sì kù á dí òwú àbẹ́là títí iná á fi kú. Epo pupa, mo ti sọ tirẹ̀. Efinrin àti koríko ọba ní láti wà, àmọ́ ẹ fún wọn ní ìjánu. Imú Yorùbá mọ̀ wọ́n fún nǹkan mìíràn tẹ́lẹ̀: efinrin pọ̀ díẹ̀, oògùn inú rírun ni, koríko ọba pọ̀ díẹ̀, àgbo ibà ni. Òyìnbó tó bá gbọ́ òórùn kan náà á ní ó dùn mọ́ òun. Àwa á bi yín pé ta ló ń ṣàìsàn.

Ti ilẹ̀. Òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò ní orúkọ láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, petrichor. Isabel Bear àti Richard Thomas, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1964. Nǹkan méjì pàtàkì ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni òróró tí ewéko ń tú sílẹ̀, tó ń mù sínú erùpẹ̀ àti òkúta ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìkejì ni geosmin, èyí tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí àkọ́rọ̀ fi ń rùn gan-an tí òjò oṣù Keje kì í fi í rùn tó bẹ́ẹ̀: ẹ̀ẹ̀rùn ló kó o jọ. Ní ìlú Kannauj ní Íńdíà, wọ́n máa ń fi iná sun amọ̀, wọ́n á sè é nínú ìkòkò ìsèlófìńdà, wọ́n á sì gba oru rẹ̀ sínú epo igi sandalwood. Owó sandalwood kò jẹ́ kí a máa dán an wò níbí. Vetiver (epo gbòǹgbò koríko kan), patchouli (epo ewé kan) àti geosmin díẹ̀ ló máa gbé yín dé ibẹ̀ ní owó tó mọ́gbọ́n wá.

Fún 100 gíráàmù epo ògidì, kí ẹ tó fi sínú nǹkan kan:

cedarwood (epo igi kédárì) 30
patchouli 20
epo awọ ọsàn 18
benzyl benzoate (omi tó ń tú àwọn epo tó ki) 11.5
vetiver 10
koríko ọba 6
efinrin 3
geosmin tí wọ́n ti bù là dé 0.1%, gíráàmù 1
epo cade 0.5

Òṣùwọ̀n tó ń ka 0.01 gíráàmù ni kí ẹ lò, kì í ṣe ṣíbí, kì í ṣe ìkán. Ìkán vetiver àti ìkán ọsàn kò wúwo bákan náà. Vetiver máa ń ki, ẹ kì ìgò rẹ̀ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó ṣàn. Àwọn tó wúwo ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, ọsàn àti koríko ọba tẹ̀lé e, geosmin kẹ́yìn. Ẹ dé e nínú ìgò búráùn fún ọjọ́ méje kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Orí pébà tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ ti gbọ́ ọ: lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn wákàtí kan, àti ní ọjọ́ kejì.

Àwọn méjì tó wà nísàlẹ̀ yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Geosmin, imú ń gbọ́ ọ níbi tó ti kéré kọjá àfẹnusọ. Òórùn ẹrẹ̀ tó máa ń wà lára ẹja àrọ̀ tí wọ́n sìn nínú adágún, òun náà ni. Ẹ fi gíráàmù 0.5 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ ná, kí ẹ tó pé e sí 1. Cade ní tirẹ̀ ń dúró fún èéfín igi. Tó bá ti lé ní gíráàmù 1, ẹja yíyan ni ẹ ń tà.

---

Tọ́lá Mọ̀dákẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o, ìmọ̀ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n àkọ́rọ̀ ń rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ń rọ̀ ní Ìlọrin. Ilẹ̀ pupa wà níbẹ̀ náà. Kí ló wà nínú ìgò yẹn tó ní Ifẹ̀ ni?

---

Ọmọ Obòkun

Tọ́lá béèrè ohun tó yẹ. Ilẹ̀ nìkan kò tó. Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, ọ̀dàn ni. Ọ̀dọ̀ tiwa, láti Ifẹ̀ wá sí Iléṣà títí wọ Oǹdó, igbó kòkó ni. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ ló ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà: ewé tó ń rà, igi tútù, àti kòkó. Nítorí náà kòkó ni kó jẹ́ ohùn kejì nínú ìgò yìí.

Àmọ́ ẹ má ra epo lọ́fínńdà tí wọ́n kọ chocolate sí lára! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Òórùn ṣokoléètì, iná ló ń bí i, nígbà tí wọ́n bá yan kòkó, iléeṣẹ́ ló sì ti ń ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ní ìlú òyìnbó. Ará Ìfẹ̀tẹ̀dó tàbí ará oko Iléṣà kì í sábà gbọ́ ọ. Kòkó tí imú wa mọ̀ ni èyí tí wọ́n fọ́ tí wọ́n bò, tó ń kan, àti èyí tí wọ́n sá.

Bó ṣe ń lọ nìyí, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ń wá. Bí wọ́n bá fọ́ pódì, tí wọ́n kó kòkó tútù jọ, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ọjọ́ kìn-ín-ní sí ìkejì, èso dídùn àti ọtí ló ń rùn, nítorí ìwúkàrà ń sọ ṣúgà ara rẹ̀ di ọtí. Bí wọ́n bá yí i, tí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, ọtí yẹn á di kíkan bíi ti fínígà, ààrin rẹ̀ á gbóná dé 45 sí 50 dígírì. Ọjọ́ márùn-ún sí méje ni wọ́n ń bò ó. Nígbà tí wọ́n bá sá a, kíkan á lọ díẹ̀díẹ̀, yóò ku òórùn búráùn kan tó jẹ́ àárín igi àti awọ èso gbígbẹ, tó ṣì kan díẹ̀ lábẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ mú. Kòkó ọjọ́ kẹta nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀, orí fífọ́ ni.

Nínú ìwọ̀n tí Alápò kọ, ẹ yọ gíráàmù 4 kúrò lára cedarwood, kó ku 26. Ẹ fi cocoa absolute (ògidì òórùn tí wọ́n yọ lára kòkó) gíráàmù 2 sí i, phenylethyl alcohol 1, àti isoamyl acetate tí wọ́n bù là dé 10%, gíráàmù 1. Phenylethyl alcohol, òórùn rẹ̀ sún mọ́ ti òdòdó róòsì àti oyin, ó wà lára kòkó bíbò gan-an. Isoamyl acetate ni òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, òun ló ń ṣe èso inú rẹ̀. Ẹ má bu fínígà sí i o. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò ní bá ìda rẹ́, irin ẹnu ìgò afín á sì dípẹtà.

Cocoa absolute ki gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì. Ẹ wọ̀n ọ́n sínú benzyl benzoate tó ti wà nínú ìwọ̀n yẹn, ẹ gbé ife náà sínú omi gbígbóná bíi 50 dígírì, ẹ máa rò ó títí kò fi ní sí ìdàrọ́ mọ́, kí ẹ tó dà á pọ̀ mọ́ ìyókù. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá rì sísàlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sẹ́ ẹ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ló ń dí òwú, tó sì ń dí igi diffuser.

Ẹni tí owó absolute bá wọ̀ lọ́rùn lè rẹ kòkó fúnra rẹ̀, àmọ́ fún èyí tí a ń fín nìkan. Kòkó gbígbẹ 100 gíráàmù, ẹ bó eèpo rẹ̀, ẹ gún un, ẹ da ethanol 95% mílílítà 500 lé e, ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìgò tó dé dáadáa, ẹ máa mì ín lójoojúmọ́. Nǹkan bí ìdajì ọmọ kòkó ló jẹ́ ọ̀rá, nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá sẹ́ ẹ, ẹ gbé e sínú fíríìsà mọ́jú, ọ̀rá á dì, ẹ tún sẹ́ ẹ ní tútù. Bí ẹ bá fo ibẹ̀ yẹn, á máa ṣú. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń ran aṣọ funfun, ẹ kọ ọ́ sára ìgò kí oníbàárà má fín in sí kọ́tìnnì. Ataare náà ṣeé rẹ báyìí, gíráàmù 20 sínú 100 mílílítà, láìlo fíríìsà. Ẹ má da irú ọtí rírẹ bẹ́ẹ̀ sínú ìda láéláé, ó lè gbiná níbi tí ẹ ti ń yọ́ ọ.

---

Ìyá Oníṣóyà

Ẹ jẹ́ kí n mú àbùkù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí òórùn lẹ ti ń bá a sọ látàárọ̀.

Àbẹ́là tó ń làágùn: ohun méjì ló ń fà á, wọ́n sì sábà máa ń pàdé. Yálà epo ti ju ohun tí ìda lè gbé lọ, tàbí ìsọ̀ gbóná. Ìda sóyà inú ife, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nígbà tí ooru bá ti ń sún mọ́ 45 dígírì. Ìsọ̀ onípáànù tí kò ní síìlì, ọ̀sán oṣù Kejì ní Ifẹ̀, ibi pẹpẹ òkè á gbóná dé ìtòsí ibẹ̀. Epo á kúrò láàárín ìda, á yọ sókè. Bí ẹ bá wá nù ún kúrò, òórùn yín ni ẹ nù.

Ohun tí ẹ máa ṣe: ìda sóyà 70, pàráfínì 20, ìda oyin 10, nínú ọgọ́rùn-ún. Pàráfínì máa ń yọ́ ní nǹkan bí 58 sí 62 dígírì, ìda oyin ní nǹkan bí 62 sí 64, wọ́n á mú un le. Ìda oyin tí àwọn ọlọ́yin ń tà máa ń dọ̀tí: ẹ yọ́ ọ nínú omi gbígbóná, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó dì lórí omi, ẹ ha ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ tún un yọ́ láìsí omi títí kò fi ní ta mọ́. Bí omi bá kù nínú rẹ̀, àbẹ́là á máa ta pàràpàrà. Ẹ má lọ ju 10 lọ, òórùn oyin á gorí òjò yín.

Ọ̀rí ńkọ́? Ẹ gbé e fún awọ ara. Ó rọ̀ jù fún àbẹ́là.

Fún ife tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, ìda 200 gíráàmù, epo ògidì 14 gíráàmù, ìyẹn 7%. Ẹ má gbọ́ tẹni tó ní 12. Ìkòkò kékeré nínú ìkòkò omi ni kí ẹ ti yọ́ ọ, kì í ṣe lórí gáàsì tààrà. Nígbà tí tẹmómítà bá kà 80, ẹ pa iná, ẹ da epo sí i, ẹ rọra rò ó fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Bí ẹ bá dà á sí i nígbà tí ìda ti ń ki, kò ní wọra. Ibi tó kó jọ sí ni yóò ti máa làágùn. Ẹ dà á sínú ife ní 60 dígírì. Tí ọyẹ́ bá wà, ẹ kọ́kọ́ mú ife lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìda á bó kúrò lára gíláàsì, á dà bí ibi tí omi rin. Ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó tà á.

Òwú ni ọ̀pọ̀ ń fojú kéré. Patchouli àti vetiver wúwo, òwú tó ń jó dáadáa pẹ̀lú epo ọsàn á rì nínú ti Alápò yìí. Ẹ dán nọ́ńbà mẹ́ta wò nínú ife kan náà, ìda kan náà. Èyí tó dára á yọ́ ìda kan etí ife láàárín wákàtí mẹ́ta, jíjìn rẹ̀ á tó sẹ̀ǹtímítà kan. Bó bá gbẹ́ ihò sí àárín nìkan, òwú kéré. Bí orí rẹ̀ bá wú tó ń da èéfín dúdú, òwú tóbi. Ẹ dá fáànù òkè dúró kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, atẹ́gùn fáànù ń mú kí gbogbo òwú da èéfín. Ẹ sì rántí pé bí wọ́n bá mú iná lọ, oníbàárà yín á fi ṣe fìtílà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ife tí kò lè fara da wákàtí mẹ́jọ, ẹ má tà á.

Diffuser tó ń dákẹ́: ẹ wo igi yín. Àwọn kan ń la ọparun sí wẹ́wẹ́ torí ó wà nílẹ̀. Ọparun ní oríkèé, oríkèé sì ń dí ọ̀nà, epo á gun dé ibẹ̀, á dúró. Pankẹ́rẹ́ ni igi iṣẹ́ yìí, ó ní ihò tín-ín-rín láti ìdí dé orí. Tó mílímítà 3 sí 4 ní sísanra, sẹ̀ǹtímítà 25 ní gígùn, ẹ bó o, ẹ gé e ní títẹ́jú lórí àti ìdí, kó gbẹ dáadáa. Igi 7 fún ìgò mílílítà 100, yàrá tí kò tóbi.

Ohun kejì ni omi tó ń gbé e. Òróró ẹ̀pà àti àdín kò ṣe é lò, wọ́n ki, wọ́n á sì kan tó bá yá. DPG, omi kẹ́míkà tí wọ́n ń fi gbé òórùn, náà ki díẹ̀, pàápàá pẹ̀lú vetiver. DPM, irú omi bẹ́ẹ̀ mìíràn, ni kí ẹ rà, ó fúyẹ́, ó ń gun igi kíákíá. Gíráàmù 22 epo ògidì, gíráàmù 78 DPM. Ẹ má lọ sí 30 rò pé á pariwo sí i, ó máa ń ki ni, á sì dí igi. Ohun kẹta kì í ṣe àbùkù: ọsàn àti koríko ọba ló ń fò lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn tó wúwo á kù, wọn kì í pariwo. Ẹ yí igi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku á dí orí igi, ẹ pààrọ̀ wọn lẹ́yìn oṣù kan.

Èyí tó ń ṣú: omi ti pọ̀ jù, tàbí ọtí yín ò lágbára. Ògógóró kò ṣe é, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ní òórùn tirẹ̀. Sípírítì aláwọ̀ àlùkò (methylated spirit), ẹ má sún mọ́ ọn, oró wà nínú rẹ̀. Ethanol 95% ni. Fún ìgò mílílítà 100: epo ògidì gíráàmù 4, polysorbate 20 (ohun tó ń mú epo àti omi rẹ́) gíráàmù 4, ẹ rò wọ́n pọ̀ ná, ethanol mílílítà 80, ẹ mì ín, kí ẹ wá fi omi tí wọ́n sè gba oru rẹ̀ (distilled water), kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kún un ní ìkán-ìkán. Omi ni kó kẹ́yìn. Ibi tó bá ti ń ṣú, ẹ dúró níbẹ̀.

---

Àdùkẹ́ Lágéré

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti gé igi ọparun dànù lórí ìwé. Ó ku mẹ́ta. Ṣé omi bátìrì lè ṣe distilled water yẹn? Efinrin àti koríko ọba tútù kún ọjà Odò Ògbè, ṣé mi ò lè sá wọn sínú ìda ni? Orúkọ ńkọ́? Ẹnì kan ní kí n pè é ní Olójó.

---

Ìyá Oníṣóyà

Omi bátìrì, bẹ́ẹ̀ ni, tí ó bá jẹ́ pé omi ni. Àwọn tó ń tà á ń tà ásíìdì bátìrì nínú irú ike kan náà. Ẹ ka ara rẹ̀, ẹ sì fi pébà litmus búlúù, èyí tó ń fi ásíìdì hàn, kàn án. Bí búlúù rẹ̀ bá di pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ gbé e padà.

---

Alápò Òórùn

Ewé gbígbẹ nínú ìda, rárá. Ó ń gbiná. Ewé á ti ibi tó wà léfòó sún mọ́ òwú, á di òwú kejì, gíláàsì á fọ́. Ewé tútù tilẹ̀ burú jù, omi ara rẹ̀ á máa ta, ìyókù á hu èbu. Tí ẹ bá fẹ́ lo ewé Ifẹ̀, ẹ sè é kí ẹ gba epo rẹ̀.

Ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ kan, ọ̀pá kọ́pà tí ẹ so mọ́ ẹnu ibi tí oru ń gbà jáde, kó ká nínú korobá omi tútù, kó sì máa kán sínú ìgò ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́. Ewé wà lórí asẹ́, omi wà nísàlẹ̀, kí wọ́n má kanra. Ẹ jẹ́ kí ewé rọ díẹ̀ nínú ibòòji fún ìdajì ọjọ́, kó má gbẹ. Iná kékeré, wákàtí méjì sí mẹ́ta, ẹ máa pààrọ̀ omi korobá. Epo á léfòó lórí omi tó kán sílẹ̀. Ẹ má retí púpọ̀: kílò 5 ewé koríko ọba á fún yín ní nǹkan bíi mílílítà 10 sí 20. Ẹ má jẹ́ kí ewé kún dé ẹnu ọ̀pá. Ọ̀pá tó bá dí, ìkòkò lè bú. Omi tó kù lábẹ́ epo náà ń rùn dáadáa, àmọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́, inú fíríìjì ni kó wà, kí ẹ lò ó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Orúkọ, èrò tèmi ni mo fẹ́ sọ. Ẹ fi Olójó sílẹ̀. Nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, òórùn tí ẹ ń kó sínú ìgò sì jẹ́ ti oṣù Kẹta. Ọmọ Ifẹ̀ á mọ̀ pé kò bá a mu. Ẹlòmíràn á sì gbé ìgò yẹn sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ wo ohun tí ẹ fi orúkọ ọdún Ògún ṣe. "Àkọ́rọ̀ Ẹnuwá" ti tó.

---

Ọmọ Obòkun

Mo gbà lórí orúkọ. Ẹ fi èyí kún un: bí ẹ bá fi epo oníkòkó yìí sínú ìda sóyà, funfun rẹ̀ á yí sí bíi ti tíì onímílíìkì, torí àwọ̀ absolute. Ẹ má fi àwọ̀ míràn bò ó, ife búráùn ni kí ẹ rà. Epo koríko ọba tí ẹ bá sè fúnra yín, ẹ kún un dé ọrùn ìgò, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, ẹ gbé e sínú òkùnkùn. Tí ìdajì ìgò bá ti jẹ́ afẹ́fẹ́ fún oṣù mélòó kan, òórùn rẹ̀ á yí padà, á sì máa ta awọ ọwọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n, ẹ sì gbọ́ ọ lórí pébà kí ẹ tó dà á sínú 100 gíráàmù tuntun.